Kò wò ó, ó bèèrè ni: Word, Excel àti LibreOffice létí ẹni tí kò ríran

Ẹ jẹ́ ká mú lẹ́tà kan. Ẹgbẹ́ rẹ́gbẹ́rẹ́gbẹ́ kan ní Ìjẹ̀bú-Òde fẹ́ pe ìpàdé lórí aṣọ Ojúde Ọba, èyí tó máa ń bọ́ sí ọjọ́ kẹta Iléyá. Akọ̀wé wọn gbé ìwé tó fọwọ́ kọ lọ sí bísínẹ́ẹ̀sì sẹ́ńtà, wọ́n bá a tẹ̀ ẹ́ ní Word. Orúkọ ẹgbẹ́ wà lókè, WordArt ni wọ́n fi ṣe é, ó tẹ̀ kọrọdọ bí òṣùmàrè. Ọjọ́ àti àkókò ìpàdé wà nínú àpótí aláwọ̀ wúrà kan lápá ọ̀tún. Nísàlẹ̀, wọ́n to iye owó: ìlà kan ni "Aṣọ, Fìlà, Gèlè", ìlà tó tẹ̀ lé e ni "45,000, 7,000, 10,000", spacebar ni wọ́n fi ya wọ́n sọ́tọ̀ títí wọ́n fi dọ́gba. Lẹ́tà náà rẹwà. Wọ́n fi ránṣẹ́ sí gbogbo ọmọ ẹgbẹ́.

Ọ̀kan nínú wọn kò ríran, NVDA, ọ̀kan nínú àwọn ètò tí wọ́n ń pè ní screen reader, ló ń ka kọ̀ǹpútà fún un. Ohun tó gbọ́ nìyí: "blank, blank, blank, blank." Ìkíni tẹ̀ lé e. Lẹ́yìn náà ó gbọ́ aṣọ, fìlà àti gèlè, ó tún wá gbọ́ owó mẹ́ta tí wọ́n tò tẹ̀ léra geere bí nọ́ńbà fóònù. Orúkọ ẹgbẹ́ kò sí. Ọjọ́ ìpàdé kò sí. Bó bá pe akọ̀wé láti béèrè, akọ̀wé á ní, "Ó ṣáà wà nínú lẹ́tà."

Òótọ́ ni akọ̀wé sọ, òótọ́ sì ni ẹnì kejì náà sọ. Word kò jẹ̀bi lórí èyí, NVDA kò jẹ̀bi. Bí wọ́n ṣe tẹ lẹ́tà náà ló jẹ̀bi. Ṣùgbọ́n ọjọ́ mìíràn wà tó jẹ́ pé sọ́fítíwíà gan-an ló bàjẹ́, tí ọgbọ́n ìtẹ̀wé kankan kò lè gbà yín sílẹ̀. Ẹni tó bá fẹ́ tún un ṣe gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ mọ ibi tí omi gbà wọ inú àgbọn. Púpọ̀ nínú àwọn tó ń bínú sí kọ̀ǹpútà lórí ọ̀rọ̀ yìí, ibi tí kì í ṣe ibẹ̀ ni wọ́n ń bínú sí.

Ìbéèrè mẹ́ta

Ọ̀pọ̀ ènìyàn rò pé screen reader ń wo ojú kọ̀ǹpútà bí ènìyàn ṣe ń wò ó, tó sì ń ka ohun tó rí. Kò ní ojú. Ìbéèrè ló ń bèèrè. Bí ẹ bá tẹ Tab tí ẹ sì bọ́ sórí nǹkan kan, Windows á ta NVDA lólobó pé ibi tí a wà ti yí padà. NVDA á wá bi Word léèrè: kí lorúkọ nǹkan yìí? Irú kí ni? Ipò wo ló wà báyìí? Word á fèsì pé Bold lorúkọ rẹ̀, bọ́tìnnì ni, wọ́n sì ti tẹ̀ ẹ́ wọlé. NVDA á gbé èsì yẹn fún ohùn, ohùn á sọ ọ́ sétí. Orúkọ, irú, ipò. Bí Word bá dákẹ́ lórí ọ̀kan nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, NVDA kò ní ibòmíràn tó lè yọjú wò. Ìránṣẹ́ ni, iṣẹ́ tí wọ́n bá rán an ló ń jẹ́.

Ọ̀nà tí ìbéèrè àti èsì ń gbà kọjá ni ìtàn gbogbo ọ̀rọ̀ yìí. Ní 1997 ni Microsoft gbé tiwọn àkọ́kọ́ jáde, Active Accessibility, tí àwọn oníṣẹ́ ń pè ní MSAA. MSAA mọ bọ́tìnnì, ó mọ mẹ́nù, ṣùgbọ́n kò mọ ìwé gígùn. Kò ní ọ̀rọ̀ tó lè fi sọ pé kọ́sọ̀ wà lórí lẹ́tà kẹẹ̀ẹ́dógún, pé ọ̀rọ̀ yìí jẹ́ àkọlé, pé sẹ́ẹ̀lì yìí wà ní ìlà kẹta àtẹ. Kí ni àwọn tó ṣe JAWS (screen reader tó ti wà láti 1989, nígbà DOS) wá ṣe? Wọ́n gba ẹ̀yìnkùlé wọlé. Ọ̀nà tí àwọn tó ń kọ mákírò (àkójọ àṣẹ tí Word máa ń ṣe fúnra rẹ̀) fi ń pàṣẹ fún Word ni wọ́n fi ń bi Word léèrè ọ̀rọ̀. NVDA náà gba ibẹ̀. Ìdí nìyẹn tí Word fi ń sọ̀rọ̀ dáadáa látijọ́ ju àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ lọ: kì í ṣe pé wọ́n kọ ọ́ dára jù wọ́n lọ, àwọn ènìyàn ló wá ọ̀nà kọjá lẹ́yìn ilé rẹ̀.

Ọ̀rọ̀ OpenOffice, àkójọ ètò ọ́fíìsì ọ̀fẹ́ kan, yàtọ̀. Ṣáájú 2014, lórí Windows, Java ló ń gbà sọ̀rọ̀. Ẹ óò fi Java sórí kọ̀ǹpútà, ẹ óò tan Java Access Bridge, ẹ óò wọ Options lọ fi àmì sí ibi tí wọ́n kọ assistive technology sí, ẹ óò tì í, ẹ óò tún un ṣí. Bí Java yín bá jẹ́ 64-bit tí OpenOffice sì jẹ́ 32-bit, ẹ óò jókòó síwájú ẹ̀rọ tó dákẹ́ lọ gbári, kò sì ní sọ ìdí rẹ̀ fún yín. IBM ti ṣe IAccessible2 ní 2006 láti fi kún ohun tí MSAA kò mọ̀, ìyẹn ìwé, àtẹ, kọ́sọ̀. Ọdún 2014 ni LibreOffice, tó yapa kúrò lára OpenOffice ní 2010, mú IAccessible2 wọ ilé lórí Windows, tí wàhálà Java fi bẹ̀rẹ̀ sí í kásẹ̀ nílẹ̀. Lórí Linux, AT-SPI ni ọ̀nà náà, Orca, screen reader ibẹ̀, ló sì ń kà á.

NVDA fúnra rẹ̀, ọdún 2006 ni Michael Curran bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ ní Ọsirélíà, James Teh sì dara pọ̀ mọ́ ọn. Àwọn méjèèjì kò ríran. Ọ̀fẹ́ ni. JAWS ń gba dọ́là, ẹ sì mọ ohun tí dọ́là ń ṣe fún náírà lásìkò yìí, nítorí náà NVDA ni gbogbo ohun tó kù nínú àròkọ yìí dá lé. Kọ́kọ́rọ́ NVDA ni Insert. Lórí láptọ́ọ̀pù tòkunbọ̀, níbi tí Insert ti máa ń sá pamọ́ sábẹ́ Fn, ẹ fi CapsLock rọ́pò rẹ̀ nínú Settings, apá Keyboard, kí ẹ sì yan laptop ní Keyboard layout. Ẹni tí kò ní kọ̀ǹpútà tirẹ̀ lè ṣe portable copy láti inú Tools sórí fláàṣì, kó máa ti fláàṣì náà bọ ti ọ́fíìsì tàbí ti káfè.

Ibi tí sọ́fítíwíà ti ń já ni kulẹ̀

Apá yìí jẹ́ ti àwọn tó ń kọ ètò: àwọn ọmọ Computer Science ní Àgọ́-Ìwòyè àti Ìlíṣàn, àti ẹnikẹ́ni tó ń kọ sọ́fítíwíà owó ilé-ìwé tàbí ti máíkírófáínáǹsì. Ẹni tí kò kọ ètò lè fò ó, àmọ́ ó máa jẹ́ kó mọ irú ẹ̀sùn tó yẹ kó fi sùn wọ́n.

Àléébù tó pọ̀ jù ni bọ́tìnnì tó ní àwòrán ṣùgbọ́n tí kò ní orúkọ. Ojú rí àwòrán díìsì, ó mọ̀ pé ibẹ̀ la ti ń tọ́jú ìwé. NVDA bèèrè orúkọ, èsì jẹ́ òfo, ó ní "button". Bọ́tìnnì mẹ́jọ bá tò, "button" mẹ́jọ lẹ ó gbọ́. Ìlà kódù kan ló ń tán an: setAccessibleName ni ní Qt (irinṣẹ́ tí wọ́n fi ń kọ fèrèsé àti bọ́tìnnì ètò).

Èkejì ṣòroó rí. Ẹ kọ "Orúkọ oníbàárà" sẹ́gbẹ̀ẹ́ àpótí tí wọ́n ń tẹ orúkọ sí. Ojú mọ̀ pé àwọn méjèèjì bára wọn tan. Kọ̀ǹpútà kò mọ̀. Lójú rẹ̀, ọ̀rọ̀ kan wà níhìn-ín, àpótí òfo kan wà lọ́hùn-ún, alábàápàdé lásán ni wọ́n. Ẹni tó tẹ Tab dé ibẹ̀ á gbọ́ "edit, blank", á sì máa méfò. Ẹ ní láti so wọ́n pọ̀ nínú kódù. SetBuddy ni Qt ń pè é. Ẹni tó bá fi ọwọ́ ara rẹ̀ ya bọ́tìnnì, tí kò lo èyí tí Windows tàbí Qt ti ṣe sílẹ̀, ti gba gbogbo iṣẹ́ yìí sórí ara rẹ̀, bó mọ̀ bí kò mọ̀. Èmi ò gba ẹnikẹ́ni níyànjú láti ya bọ́tìnnì fúnra rẹ̀.

Ẹ̀kẹta ni ibi tí kọ́sọ̀ ń lọ bí fèrèsé bá tì. Ẹni tó ríran á kàn mú máòsì lọ sí ibi tó wù ú. Ẹni tí kò ríran wà nínú afẹ́fẹ́: fèrèsé ti tì, kọ́sọ̀ kò padà sórí bọ́tìnnì tó ṣí i, Tab kò mú un dé ibi kankan tó mọ̀.

Èyí tó tẹ̀ lé e ni mo fẹ́ràn jù láti sọ, nítorí pé ìṣirò lásán ló bí i. Calc inú LibreOffice ní ìlà 1,048,576. Tẹ́lẹ̀, òpó 1,024 ló ní. Bí ẹ bá ka sẹ́ẹ̀lì gbogbo lọ́kọ̀ọ̀kan, 1,073,741,824 ni. Nọ́ńbà yẹn wọ inú àyè 32-bit, èyí tí òpin rẹ̀ jẹ́ 2,147,483,647. Lẹ́yìn náà wọ́n fi òpó kún un di 16,384 kó lè bá Excel dọ́gba. Ẹ tún ìṣirò náà ṣe: 17,179,869,184. Kò wọ̀ ọ́ mọ́. Screen reader ń bèèrè sẹ́ẹ̀lì pẹ̀lú nọ́ńbà tó wà lórí rẹ̀. Bí nọ́ńbà bá kún àyè rẹ̀ tó sì ṣàn kọjá, sẹ́ẹ̀lì tí kì í ṣe òun ló máa dáhùn, tàbí kí nǹkan dorí kodò. Nínú LibreOffice, wọ́n ní láti sọ nọ́ńbà náà di 64-bit nínú gbogbo ibi tí kódù ti ń lò ó. Ọ̀rọ̀ Ctrl+A tún wà lọ́tọ̀: ẹ yan gbogbo sẹ́ẹ̀lì, kí ètò kan wá fẹ́ fi orúkọ ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn ránṣẹ́, bílíọ̀nù mẹ́tàdínlógún, fún ẹ̀rọ tó kàn fẹ́ gbọ́ pé "gbogbo rẹ̀ ti di yíyàn". Kọ̀ǹpútà á gan pa síbẹ̀. Nítorí náà, àtúnṣe fún screen reader kì í ṣe kí a kàn sọ púpọ̀. Kí a sọ èyí tí wọ́n bèèrè, nígbà tí wọ́n bèèrè rẹ̀.

Bí ẹ bá fẹ́ mọ ohun tí ètò yín ń sọ, ẹ ṣí Speech Viewer láti inú Tools ní NVDA: gbogbo ohun tí ohùn bá sọ, á kọ ọ́ sójú fèrèsé. NVDA+F1 máa ń ṣí lọ́ọ̀gì, á sì to orúkọ, irú àti ipò nǹkan tí ẹ wà lórí rẹ̀. Lórí Linux, Accerciser ń fi gbogbo ohun tó wà nínú ètò hàn bí igi, láti gbòǹgbò dé ewé.

Ìwé tí a tẹ̀

Ká padà sọ́dọ̀ lẹ́tà ẹgbẹ́. Àkọlé kì í ṣe lẹ́tà ńlá. Bí ẹ bá sọ ọ̀rọ̀ di Bold tí ẹ fi í sí 18, ojú á pè é ní àkọlé; Word á pè é ní ọ̀rọ̀ dúdú tó tóbi. Ẹ gbé kọ́sọ̀ sórí ìlà náà, kí ẹ tẹ Ctrl+Alt+1 ní Word, tàbí Ctrl+1 ní LibreOffice. Ó di Heading 1. Bí àwọ̀ rẹ̀ kò bá wù yín, ẹ yí Heading 1 padà nínú Styles lẹ́ẹ̀kan, gbogbo àkọlé inú ìwé á tẹ̀ lé e. Èrè rẹ̀ nìyí: ẹni tó ń lo NVDA á tẹ NVDA+Space nínú Word, lẹ́yìn náà á máa tẹ H, á máa fò láti àkọlé dé àkọlé bí ẹni tó ń ṣí ojú ìwé. T máa ń gbé e lọ sí àtẹ, G sí àwòrán. NVDA+F7 á to gbogbo àkọlé sójú kan. Nínú ìwé olójú ewé ogójì tí kò ní Heading kan ṣoṣo, àfi kó tẹ ọfà sísàlẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin.

"Blank, blank, blank" tó gbọ́ ni Enter tí wọ́n tẹ̀ léra láti fi ṣe àlàfo. Àlàfo wà nínú Paragraph, níbi tí wọ́n kọ Spacing sí: Before àti After. Bí ẹ bá fẹ́ bọ́ sí ojú ewé tuntun, Ctrl+Enter ni.

WordArt àti Text Box ń léfòó lórí ìwé ni, wọn ò sí nínú ọ̀rọ̀. Ẹni tó bá ń fi ọfà kàwé á kọjá lábẹ́ wọn láìmọ̀. Ẹ kọ ọjọ́ ìpàdé sínú ìlà gidi, kí ẹ fi Borders yí i ká bí ẹ bá fẹ́ àpótí. Àwòrán náà bẹ́ẹ̀: ẹ yan In Line with Text, kí ẹ tẹ bọ́tìnnì ọ̀tún lórí rẹ̀, kí ẹ wọ Alt Text, kí ẹ kọ ohun tó wà níbẹ̀. Gbólóhùn kan tó. "Apẹ̀rẹ̀ obì mẹ́ta níwájú ilé ìtajà ní Ṣágámù" dára. "Àwòrán obì" kò burú. "IMG-20240618" burú, "image1" náà burú, bẹ́ẹ̀ ohun tí a máa ń bá níbẹ̀ jù nìyẹn.

Àtẹ: Insert, Table. Kì í ṣe spacebar, kì í ṣe Tab. Lẹ́yìn náà ẹ yan ìlà àkọ́kọ́, ẹ wọ Layout, ẹ tẹ Repeat Header Rows. Ó dà bí ohun tó wà fún ìtẹ̀jáde nìkan, pé kí orí àtẹ tún jáde lójú ewé kejì, ṣùgbọ́n ibẹ̀ náà ni Word ti ń mọ̀ pé orí àtẹ ni ìlà yẹn.

Word ní Check Accessibility lábẹ́ Review. LibreOffice ní Accessibility Check lábẹ́ Tools. Ẹ máa lò ó, ṣùgbọ́n ẹ má fi gbogbo ọkàn tẹ̀ ẹ́. Ó mọ̀ bí Alt Text kò bá sí. Kò mọ̀ bí ohun tí ẹ kọ síbẹ̀ bá jẹ́ ìsọkúsọ.

Ẹ, ọ, ṣ

Ibí yìí ni kò sí nínú ìwé ìtọ́ni òyìnbó kankan. Ní bísínẹ́ẹ̀sì sẹ́ńtà, wọ́n máa ń tẹ "e" lásán, wọ́n á wá fi Ctrl+U fàlà sí i nídìí kó lè jọ "ẹ". Lórí bébà, kò sí ìyàtọ̀ tó ń dun ẹnikẹ́ni. Létí NVDA, ọkọ, oko, òkò, ọkọ̀ àti ọkọ́ ti di ọ̀kan: oko. "Ọkọ mi ti lọ" di "oko mi ti lọ". Ìlà abẹ́ jẹ́ ọ̀ṣọ́, kì í ṣe lẹ́tà. Bákan náà ni "=N=5,000" tí wọ́n fi ń kọ náírà: "equals N equals" ni ẹ óò gbọ́. Ẹ lo ₦ gidi, tàbí kí ẹ kọ náírà jáde.

Ẹ wo "Ìjẹ̀bú" fínnífínní. Lẹ́tà márùn-ún ni ojú kà. Mẹ́fà ni kọ̀ǹpútà kà: Ì jẹ́ 00CC, j jẹ́ 006A, ẹ jẹ́ 1EB9, àmì ohùn ìsàlẹ̀ tó wà lórí rẹ̀ jẹ́ 0300 lọ́tọ̀, b jẹ́ 0062, ú jẹ́ 00FA. Unicode, àkójọ nọ́ńbà tí kọ̀ǹpútà fi ń mọ lẹ́tà, ní Ì àti ú ní odidi, ó ní ẹ ní odidi, ṣùgbọ́n kò ní ẹ̀ ní odidi. Ẹ àti àmì rẹ̀ ń rìn pọ̀ bí ẹni àti òjìji ni. Ẹ lè rí i fúnra yín: ẹ fi kọ́sọ̀ sẹ́yìn ẹ̀ nínú Word, kí ẹ tẹ Backspace lẹ́ẹ̀kan. Àmì ohùn nìkan ló máa lọ. Ẹni tó ń fetí tẹ̀wé gbọ́dọ̀ mọ èyí, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ á rò pé òun ti pa lẹ́tà rẹ́, kó sì jẹ́ pé ó ṣì wà níbẹ̀.

Bí ẹ bá fẹ́ mọ̀ bóyá ẹ gidi ni wọ́n tẹ̀ tàbí ẹ oníàlà, ẹ gbé kọ́sọ̀ sórí rẹ̀, kí ẹ tẹ 2 ti numpad lẹ́ẹ̀mẹ́ta kíákíá, pẹ̀lú NumLock ní pípa. Lórí ìtò laptop, NVDA pẹ̀lú àmì ìdánudúró ni, òun náà lẹ́ẹ̀mẹ́ta. NVDA á pe nọ́ńbà lẹ́tà náà. 101 ni e lásán. 7865 ni ẹ, nọ́ńbà kan náà ni pẹ̀lú 1EB9, ọ̀nà ìkọ ló yàtọ̀. Bí kò bá sí kíbọ́ọ̀dù Yorùbá lórí kọ̀ǹpútà yẹn, ẹ tẹ 1EB9 nínú Word kí ẹ tẹ Alt+X, á di ẹ. 1ECD ni ọ, 1E63 ni ṣ. Lẹ́yìn lẹ́tà, 0301 pẹ̀lú Alt+X ni àmì òkè, 0300 ni ti ìsàlẹ̀.

Ohùn ni ìṣòro tó kù. Ohùn Gẹ̀ẹ́sì kò mọ ẹ. Òmíràn á fò ó, òmíràn á máa pe nọ́ńbà rẹ̀ láàárín ọ̀rọ̀, èyí tó ń dá ni lágara ju ìdákẹ́jẹ́ lọ. NVDA ní ìwé atúmọ̀ ohùn lábẹ́ Preferences, Speech dictionaries, Default. Ẹ fi "ẹ" síbẹ̀ ní Pattern, kí ẹ fi "eh" sí Replacement. "Ọ" di "aw", "ṣ" di "sh". Lẹ́yìn náà ẹ fi àwọn orúkọ tí ẹ ń bá pàdé lójoojúmọ́ kún un, ọ̀kọ̀ọ̀kan bí ohùn yẹn ṣe lè pè é: Awùjalẹ̀, Ìpẹru, Ìkẹ́nnẹ́. Kò ní sọ Yorùbá bí ọmọ Ìjẹ̀bú, ṣùgbọ́n ẹ óò mọ ọ̀rọ̀ tó ń pè. Ewu kan wà: ẹlòmíràn lè tẹ ẹ́ gẹ́gẹ́ bí é tí ó fi àmì abẹ́ kún, tàbí e lásán tí ó fi àmì méjì kún. Lójú, ìbejì ni wọ́n. Nínú ìwé atúmọ̀ yín, àjèjì ni wọ́n síra wọn, àtúnṣe yín kò ní ràn wọ́n. Bí orúkọ kan bá kọ̀ láti dáhùn, ẹ tún un tẹ̀ fúnra yín, ẹ má ṣe kọpí i.

Ìwé owó ẹgbẹ́

Èésú, ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù, owó aṣọ: ní Ìjẹ̀bú àti Rẹ́mọ, kò sí ẹgbẹ́ tí kò ní ìwé owó, Excel ló sì ti rọ́pò ìwé aláwọ̀ pupa tẹ́lẹ̀. Ká sọ pé akápò àwọn oníṣòwò obì kan ní Ṣágámù fẹ́ kí ọmọ ẹgbẹ́ tí kò ríran lè ka owó rẹ̀ fúnra rẹ̀, láìní ọmọ tó máa bá a kà á. Ohun tó ń bà á jẹ́ rèé.

Ó bẹ̀rẹ̀ àtẹ láti C5 kó lè wà láàárín. Ẹni tó ṣí fáìlì máa ń wá ìbẹ̀rẹ̀ lọ sí A1, á sì gbọ́ òfo. Ó so sẹ́ẹ̀lì mẹ́fà pọ̀ di ọ̀kan fún orúkọ ẹgbẹ́, òpó wá dàrú mọ́ ẹni tó ń fi ọfà rìn. Ó fi ìlà òfo ya oṣù kan sí òmíràn, Ctrl+ọfà sísàlẹ̀ wá dúró ní òpin oṣù kìíní bí ẹni pé àtẹ ti tán. Ó sọ àwọn tó jẹ gbèsè di pupa. NVDA kì í sọ àwọ̀ àfi bí ẹ bá tan án nínú Document Formatting (NVDA+Ctrl+D), kò sì sí ẹni tó fẹ́ máa gbọ́ àwọ̀ sẹ́ẹ̀lì tọ̀sán-tòru. Pupa lè dúró. Kó kàn fi òpó kan kún un, kó pè é ní "Ipò", kó kọ "ó jẹ gbèsè" tàbí "ó ti san".

Lẹ́yìn èyí, orí àtẹ. Bí kọ́sọ̀ bá wà lórí D14, NVDA á sọ "12,500" àti "D14". Èwo nínú owó ni 12,500? Ìdá ni, àbí èyí tó yá, àbí èyí tó ti san? Ẹ gbé kọ́sọ̀ sórí sẹ́ẹ̀lì àkọ́kọ́ nínú ìlà orí, A1 bí ẹ bá ti tún un tò, kí ẹ tẹ NVDA+Shift+C. Lórí sẹ́ẹ̀lì kan náà, ẹ tẹ NVDA+Shift+R, kí orúkọ àwọn ọmọ ẹgbẹ́ tó wà lápá òsì náà di orí ìlà. Láti ìgbà yẹn lọ, bí ẹ bá ti ń rìn láti òpó kan bọ́ sí òmíràn, á máa pe orí òpó kó tó sọ iye owó. Bí ẹ bá lọ sísàlẹ̀, á máa pe orúkọ ẹni. Ohun tó dára níbẹ̀ ni pé Excel ń tọ́jú rẹ̀ sínú fáìlì náà, JAWS náà sì lè lò ó. Ẹnì kan ṣe é lẹ́ẹ̀kan, gbogbo ẹgbẹ́ jẹ ẹ́. Bí ẹ bá ṣì í ṣe, ẹ tẹ kọ́kọ́rọ́ kan náà lẹ́ẹ̀mejì kíákíá, á pa á rẹ́.

Ẹ fún ṣíìtì kọ̀ọ̀kan lórúkọ. Ctrl+PageDown ni wọ́n fi ń bọ́ láti ọ̀kan sí òmíràn, "Sheet3" kò sì sọ nǹkan fún ẹnikẹ́ni.

Bí ìwé owó bá ti parí, wọ́n á fẹ́ sọ ọ́ di PDF. Ẹ má ṣe gba Print kọjá. Print to PDF ń ya ojú ìwé bí fọ́tò onílẹ́tà ni, gbogbo Heading àti orí àtẹ tí ẹ ṣe wàhálà lé lórí á ṣègbé. Ní Word, Save As, PDF, Options, kí àmì wà lórí Document structure tags for accessibility. Ní LibreOffice, Export as PDF, kí ẹ fi àmì sí Tagged PDF, tàbí sí Universal Accessibility (PDF/UA). Èyí tó burú jù ni kí wọ́n tẹ̀ ẹ́ jáde, kí wọ́n buwọ́ lù ú, kí wọ́n fi fóònù yà á, kí wọ́n fi fọ́tò ránṣẹ́. Ohun tó ń ti ọ̀pọ̀ ọ́fíìsì jáde nìyẹn, bẹ́ẹ̀ òfin tó ka ìyàsọ́tọ̀ àwọn aláìlera léèwọ̀ ní Nàìjíríà ti di bíbuwọ́lù láti Oṣù Kìíní 2019. NVDA+R lè fi OCR inú Windows yọ ọ̀rọ̀ lára fọ́tò, ṣùgbọ́n bí OCR náà bá jẹ́ ti Gẹ̀ẹ́sì, ẹ má retí àmì ohùn lọ́dọ̀ rẹ̀. Bí ìbuwọ́lù bá ṣe pàtàkì, ẹ fi Word tàbí PDF gidi ránṣẹ́ pẹ̀lú fọ́tò náà.

Ẹni tó ríran tó fẹ́ dán iṣẹ́ rẹ̀ wò, kó wọ Settings ní NVDA, kó tan Screen Curtain. Ojú kọ̀ǹpútà á dúdú kirikiri. Kó gbé máòsì sọ́nà jíjìn. Kó wá ọjọ́ ìpàdé nínú lẹ́tà tó tẹ̀. Bí wọ́n bá ti tún lẹ́tà yẹn ṣe, H kan á gbé e dé orúkọ ẹgbẹ́, H kejì á gbé e dé "Ọjọ́ àti àkókò", T á gbé e wọ inú àtẹ owó, níbi tí Ctrl+Alt pẹ̀lú ọfà ọ̀tún á ti máa sọ fún un: Aṣọ, 45,000. Fìlà, 7,000. Gèlè, 10,000.